Àṣíborí tó wà lẹ́yìnkùlé

Mobọ́láńlé ló kọ́kọ́ sọ ọ́.
Kò tilẹ̀ sọ ọ́, ó bì í.
Oyún oṣù mẹ́rin wà nínú rẹ̀,
imú rẹ̀ ti mú bí abẹ fárífárí,
ó ń gbọ́ òórùn iyọ̀ nílé tí iyọ̀ ti tán.
Mo ti Ọ̀dà dé, mo gbé àṣíborí lé tábìlì,
ó dìde, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó di ẹ̀yìnkùlé.
Nígbà tó padà wọlé, ó na ìka sí i:
“Akínṣeyè, kí ló kú sínú nǹkan yìí?”

Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sáré nínú rẹ̀.
Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lójú títì Ọ̀dà níbi tí kò tíì rí ọ̀dà,
àwa mẹ́fà, máṣíìnì mẹ́fà,
ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí igi àgbálùmọ̀ ló jẹ owó.
Gbogbo rẹ̀ ló ti mu sínú fóòmù:
òjò Òkúdù, èéfín, ìpara irun,
òógùn ọjọ́ tí Táyélolú ṣubú
tí mo rò pé kò ní dìde mọ́.
Òógùn iṣẹ́ a máa rùn bí ènìyàn.
Òógùn ẹ̀rù ń rùn bí kọ́bọ̀ àtijọ́
tí ọmọdé fi sẹ́nu.

Mo fi tùràrí fín in.
Ó wá ń rùn bí òkú tó lọ síbi ìgbéyàwó.
Pásítọ̀ wa ní Ìjọ̀kà kì í yé wàásù àṣíborí ìgbàlà,
kò sọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ rí.

Táyélolú ló rẹ́rìn-ín sí mi:
“Ṣé o ò mọ̀ pé inú ẹ̀ ń yọ ni?”
Ó tẹ bọ́tìnnì kékeré létí, pó, pó,
aṣọ inú rẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́ bí awọ ehoro.
“Má fi omi gbígbóná kàn án.
Ọṣẹ líle á jẹ ẹ́. Ọṣẹ ọmọ ọwọ́ ni.”

Ọ̀kan ṣoṣo ló wà nílé wa,
nínú ọ̀rá tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù,
láàárín ìlédìí àti fìlà tó kéré ju ìkúùkù mi lọ.
Mobọ́láńlé wò mí títí.
Ó fi ọ̀bẹ gé ọṣẹ náà sí méjì.
“Ìdajì yìí. Ìdajì tó kù, ó ní ẹni tó ni ín.”

Omi àkọ́kọ́ dúdú.
Ìkejì dà bí odò Àlà lẹ́yìn òjò.
Mi ò ka ìyókù, àfi ìgbà tí mo rí
òdòdó tí wọ́n yà sí ìsàlẹ̀ báséènì.
Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha àwọn ihò afẹ́fẹ́:
iyẹ̀pẹ̀ Ọ̀dà jáde, apá kòkòrò jáde,
irun funfun kan jáde.
Àwa méjèèjì wo orí mi, a ò sọ̀rọ̀.

Mo sá a síbi òjìji, lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀,
torí oòrùn a máa la ṣóńṣó orí rẹ̀,
mo da ẹnu rẹ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ méjì.

Sátidé, mo wọ bàtà, mo lọ gbé e.
Adìẹ wa tó ní àmì tó-tò-tó lára,
èyí tí kì í kọjá níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀,
ó ti jókòó sínú rẹ̀ bí ayaba.
Mo na ọwọ́, ó sá mi lẹ́nu jẹ,
ó wú ìyẹ́, mo sì rí ẹyin mẹ́ta
tó ń dán lórí fóòmù tí mo fọ̀.
“Fi í sílẹ̀,” ni ohùn kan wí láti ojú fèrèsé.

Táyélolú fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ọ̀nà.
Mo dúró.
Máṣíìnì márùn-ún gba ọ̀nà Ọ̀dà lọ,
mo gbọ́ wọn títí wọ́n fi di eṣinṣin.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni adìẹ fi ń sàba.
Mo ṣa èédú kan nídìí ààrò,
mo fa ìlà àkọ́kọ́ sára ògiri.